Owó tí òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnì dá fún olóṣèlú ní Amẹ́ríkà: bí ẹ ṣe máa wá a, bí ẹ ṣe máa kà á

Ó dá mi lójú pé ẹ ti rí irú ẹ̀ lórí WhatsApp. Wọ́n á gbé orúkọ kọ́ńpìnì ńlá kan sókè, wọ́n á kọ nọ́ńbà ràgàjì kan sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á ní "iye tí wọ́n fún lágbájá láti fi polongo ìbò rèé o", kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́, àwọn èèyàn á ti máa búra pé àwọn ò ní ra nǹkan kan lọ́wọ́ kọ́ńpìnì yẹn mọ́ láyé. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú ẹ̀ dé gúrúùpù ẹbí wa, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n dárúkọ yẹn gan-an ló kọ́kọ́ fèsì, ó ní "ẹ dákun, ṣé kì í ṣe owó mi ni wọ́n ń kà níbẹ̀ yẹn báyìí?" A rò pé ó ń dápàárá ni. Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, owó ẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, 25 dọ́là tó ń yọ lóṣooṣù lórí káàdì ara ẹ̀, wọ́n ti kà á mọ́ owó "kọ́ńpìnì", ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì kà á.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ ṣe lè wá owó tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnì kan dá, bí ẹ ṣe máa kà á tí ò fi ní dojú rú, àti nǹkan tó yẹ kí ẹ ṣọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni òṣìṣẹ́ tó fẹ́ dáwó. Ìbò àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni mò ń sọ o, ti ààrẹ, ti sẹ́nétọ̀, ti ilé aṣojú. Ti gómìnà àti ti ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ya àpò mẹ́ta sọ́tọ̀

Tí ẹ bá fo ibí yìí, gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn ẹ̀ á wọ́.

Àpò kìíní ni àpò kọ́ńpìnì fúnra ẹ̀. Láti 1907 tí wọ́n ti ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Tillman Act, kọ́ńpìnì ò gbọ́dọ̀ mú owó nínú àpò ẹ̀ fún ẹni tó ń díje ìbò àpapọ̀, ì báà ṣe dọ́là kan péré. Ohun tó lè ṣe ni kó gbé owó fún super PAC, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí kì í kówó fún olùdíje, tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ń ná an sórí ìpolówó, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ọdún 2010 ló ṣílẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún wọn.

Àpò kejì ni PAC tí kọ́ńpìnì dá sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń kó owó jọ láti fi dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ibí ló ti ń rú àwọn èèyàn lójú jù, torí orúkọ kọ́ńpìnì ló wà lára PAC yẹn, kọ́ńpìnì ló ń sanwó ọ́fíìsì ẹ̀ àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, àmọ́ owó tí wọ́n ń pín fún olóṣèlú nínú ẹ̀, àpò àwọn èèyàn ló ti jáde, pàápàá àwọn ọ̀gá àti àwọn tó ní ṣíà. Ẹnì kan ò lè fún un ju 5,000 dọ́là lọ lọ́dún, PAC náà ò sì lè fún olùdíje kan ju 5,000 lọ fún ìdìbò kọ̀ọ̀kan.

Àpò kẹta ni ti òṣìṣẹ́ fúnra ẹ̀, owó oṣù ẹ̀, káàdì ẹ̀, ìpinnu ẹ̀. Fún 2025 sí 2026, ẹnì kan lè fún olùdíje kan ní 3,500 dọ́là fún ìdìbò kọ̀ọ̀kan, ìdìbò abẹ́nú sì yàtọ̀ sí ìdìbò gbogbogbòò, ìyẹn ni pé ó lè fún un ní 7,000 tó bá ṣe méjèèjì. Ọdún méjì méjì ni wọ́n máa ń sún iye yẹn sókè bí ọjà bá ṣe ń wọ́n sí, 3,300 ló jẹ́ ní 2023 sí 2024. Ti 5,000 PAC yẹn kì í kúrò lójú kan ní tiẹ̀.

Sikirínṣọ́ọ̀tù tí ẹ rí yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé àpò kejì àti ìkẹta ni wọ́n pò pọ̀. OpenSecrets, ìkànnì tó ń tọpa owó òṣèlú tí àwọn èèyàn máa ń gbé irú nọ́ńbà yẹn jáde níbẹ̀, ń kọ ọ́ sábẹ́ tábìlì wọn gbangba pé kì í ṣe àjọ náà fúnra ẹ̀ ló dáwó, pé owó PAC wọn, ti òṣìṣẹ́, ti àwọn tó ni ín, àti ti ìdílé wọn ni. Ẹni tó gé àwòrán yẹn ti gé ìlà yẹn kúrò, lẹ́tà ẹ̀ ṣáà kéré.

Kí ló gbé orúkọ kọ́ńpìnì débẹ̀?

Òfin ni. Tí owó tí ẹnì kan fún ìpolongo olùdíje kan bá ti ju 200 dọ́là lọ lápapọ̀ láàárín sáà ìbò yẹn, akápò ìpolongo náà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ onítọ̀hún, àdírẹ́sì ẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe àti ẹni tó gbà á síṣẹ́, kó sì fi ránṣẹ́ sí FEC, àjọ tó ń mójú tó owó ìbò àpapọ̀ láti 1975. Tí olówó ò bá kọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, akápò gbọ́dọ̀ tún bi í láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, tí kò bá tún dáhùn, ẹ máa rí "INFORMATION REQUESTED" níbi tó yẹ kí orúkọ kọ́ńpìnì wà. Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ni kí aráàlú lè rí i bóyá ogún èèyàn láti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo kàn dédé dáwó kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ó kàn dà bí àdírẹ́sì ni, ó ń tọ́ka ibi tí èèyàn wà, kò sọ pé onílé ló rán an níṣẹ́.

Ẹ wo ti Brendan Eich tó ń ṣiṣẹ́ ní Mozilla, àwọn tó ṣe Firefox. Ní 2008 ó dá 1,000 dọ́là ní California láti ti Proposition 8 lẹ́yìn, ìyẹn ìbò tó fẹ́ ká má jẹ́ kí ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì fẹ́ra wọn. Òfin ìpínlẹ̀ yẹn náà ń béèrè ibi iṣẹ́, torí náà orúkọ Mozilla wọ inú àkọsílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀. Ní oṣù kẹta 2014 wọ́n fi í ṣe ọ̀gá pátápátá ní Mozilla, ariwo ta, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kúrò lórí àlééfà. Ohun tó wù kí èrò yín jẹ́ nípa ọ̀rọ̀ yẹn, Mozilla ò dá sẹ́ǹtì kan. Ìlà kan ṣoṣo nínú tábìlì ni gbogbo ẹ̀.

Wíwá a lórí fec.gov

Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò nílò àkáǹtì. Ẹ wọ fec.gov, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ "Campaign finance data" sí, ẹ wá "Individual contributions". Àpótí tí ẹ lè fi sẹ́ ẹ pọ̀ níbẹ̀: orúkọ ẹni tó dáwó, ìlú, iṣẹ́, employer, déètì, iye owó, ẹni tó gbowó. Employer lẹ máa fi orúkọ kọ́ńpìnì sí, kí ẹ sì yan sáà ọdún méjì tí ẹ ń wá, torí wọ́n kó àkọsílẹ̀ náà ní méjì méjì, 2023 pẹ̀lú 2024, 2025 pẹ̀lú 2026.

Wàhálà àkọ́kọ́ tí ẹ máa bá pàdé ni pé kò sẹ́ni tó ń tún orúkọ kọ́ńpìnì kọ. Ohun tí olówó bá tẹ̀ sórí fóònù ẹ̀ ní agogo mọ́kànlá alẹ́ ló máa wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹni kan kọ Google, ẹni kan kọ Google Inc, ẹlòmíì Google LLC, ẹlòmíì Alphabet tó ni Google, ẹni tó wà ní YouTube á kọ YouTube, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ yọ̀ á kọ Gogle. Gbogbo wọn lẹ gbọ́dọ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní òdìkejì, orúkọ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán máa ń kó àlejò wọlé, ẹ wá Apple ẹ máa bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Apple Valley tí wọn ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú fóònù. Èmi máa ń kọ gbogbo bí wọ́n ṣe lè kọ orúkọ yẹn sórí bébà kí n tó jókòó, màá wá máa fa ìlà gba orí èyí tí mo bá ti wá.

Àwọn tí ẹ ò ní rí náà tún wà. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì á kọ "RETIRED", ìyàwó ọ̀gá kan lè kọ "HOMEMAKER", àwọn kan á kọ "SELF-EMPLOYED" bẹ́ẹ̀ wọ́n ń gbowó oṣù. Ẹni tó pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín ọdún á fara hàn lábẹ́ kọ́ńpìnì méjì, kò sì sí irọ́ ńbẹ̀, ibi tó wà lọ́jọ́ tó dáwó ni.

Tó bá ti tó yín, ẹ tẹ ibi tó ní Export, fáìlì CSV á wọlé, ẹ ṣí i nínú Excel. Tí kọ́ńpìnì náà bá tóbi gan-an, ẹ lọ síbi tí wọ́n kó bulk data sí, kí ẹ dáúnlóòdù gbogbo sáà náà lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ fáìlì yẹn wúwo o, kọ̀ǹpútà kékeré á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ mọ́ kí á tó ròó pọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ibí náà ni àwọn tó ń ṣe sikirínṣọ́ọ̀tù kì í dé.

Ẹ rántí àbúrò mi pẹ̀lú 25 dọ́là lóṣooṣù. Orí ActBlue ló ti ń san án, ìyẹn ìkànnì tí àwọn Democrat fi ń gba owó láti 2004, àwọn Republican náà ní tiwọn, WinRed, láti 2019. Nǹkan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé àwọn ìkànnì yìí kì í dá owó dúró sọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń gbé e kọjá sọ́dọ̀ olùdíje ni, òfin sì ní kí wọ́n kọ gbogbo owó tó bá gba ọwọ́ wọn kọjá sílẹ̀, ì báà ṣe dọ́là márùn-ún. Nípa bẹ́ẹ̀, láti oṣù kìíní ni orúkọ ẹ̀ ti wà nínú àkọsílẹ̀ ActBlue. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, owó ẹ̀ di 225, ó kọjá 200, ìpolongo olùdíje náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé tiwọn. Láti ìgbà yẹn lọ, 25 kan ṣoṣo tó ń yọ ní báǹkì ń jáde ní ìlà méjì lórí FEC: ìlà kan lábẹ́ ActBlue, ìkan lábẹ́ olùdíje.

Nínú bulk data, ẹ máa fi kọ́lọ́mù TRANSACTION_TP mọ̀ wọ́n. 24T ni ti ìkànnì tó gbé e kọjá, 15E ni ti ìpolongo tó gbà á. Ẹ máa rí ọ̀rọ̀ bí i "EARMARKED", ìyẹn owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún olùdíje kan, nínú kọ́lọ́mù MEMO_TEXT. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ yọ ìkejì kúrò. Tí ẹ bá fẹ́ rí àwọn tó dá owó kékeré, ẹ mú 24T, àmọ́ ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ máa rí i pé òun lẹ mú, torí tí ẹ bá padà wá lọ́sẹ̀ méjì, ẹ ò ní rántí, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo kọ́lọ́mù MEMO_CD. Tí X bá wà níbẹ̀, àlàyé ni ìlà yẹn wà fún, akápò ò fi í kún àròpọ̀ tiẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ má tíì fi kún un títí tí ẹ máa fi mọ̀ bóyá owó náà ti wà níbòmíì. Ẹ wo àwọn iye tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, àtúnṣe tàbí owó tó padà ni, ẹ jẹ́ kó yọ kúrò. Ẹ wo orúkọ kan náà tó jáde pẹ̀lú ZIP (nọ́ńbà àdúgbò nínú àdírẹ́sì) kan náà, kí ẹ lè mọ̀ pé ìlà ogójì kì í ṣe ogójì èèyàn. Ìyẹn náà ṣe pàtàkì jù bí ẹ ṣe rò lọ, ẹni tó fi ń yọ dọ́là mẹ́wàá mẹ́wàá fún olùdíje mẹ́ta lóṣooṣù á ní ìlà 36 lọ́dún kan, ẹ máa rò pé gbogbo ọ́fíìsì ló dìde.

Ẹ gbé erin kúrò nínú agbo kí ẹ tó ka ewúrẹ́

Ní ìbò 2024, Elon Musk ná owó tó lé ní 250 mílíọ̀nù dọ́là láti ti Donald Trump àtàwọn Republican mìíràn lẹ́yìn, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ gba inú super PAC kọjá, níbi tí kò sí òdiwọ̀n iye. Tí ẹ bá wá gbé owó "àwọn tó wà ní SpaceX", kọ́ńpìnì rọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, jáde tí ẹ ò yọ ọ́ kúrò, ẹnjiníà tó fún sẹ́nétọ̀ kan ní 250 dọ́là ti rì sínú òkun, ẹ ò lè rí i mọ́ láéláé. Àròpọ̀ yẹn ò purọ́ o, ohun tí ọkùnrin kan ṣe ló kàn ń sọ, kò sọ nǹkan kan nípa àwọn tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì níbi iṣẹ́.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé màá to owó náà láti orí èyí tó tóbi jù wálẹ̀, màá wo mẹ́wàá àkọ́kọ́. Tí mẹ́wàá yẹn bá jẹ́ ìdajì gbogbo owó, màá yọ wọ́n sọ́tọ̀, màá ròyìn wọn lọ́tọ̀. Fún àwọn tó kù, iye èèyàn ni mo máa ń kà dípò iye owó, èèyàn mélòó ló fún apá ìhín, mélòó ló fún apá ọ̀hún. Ẹ yọ owó tó lọ sínú PAC kọ́ńpìnì náà sọ́tọ̀ pẹ̀lú, torí PAC máa ń pín fún ẹgbẹ́ méjèèjì, ẹni tó bá ń dá sí i ò tíì sọ ẹgbẹ́ tó wù ú.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ jáde, ẹ má kọ "ìdá 90 nínú òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnì yìí ló fẹ́ràn lágbájá". Ẹ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ ibikíbi kì í dáwó rárá, àwọn tó dá tí kò tó 200 tí kò sì gba orí ìkànnì kankan ò sí nínú ìwé. Ẹ kọ ọ́ báyìí: nínú àwọn tó dáwó tí orúkọ wọn sì wọ àkọsílẹ̀, báyìí lọ́nà báyìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ farada á.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni òṣìṣẹ́ náà

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìgbélùú yín. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tí kò sì ní green card ò gbọ́dọ̀ dáwó sí ìbò kankan níbẹ̀, ti àpapọ̀ o, ti ìpínlẹ̀ o, ti ìjọba ìbílẹ̀ o. Físà iṣẹ́ H-1B ò tó, físà akẹ́kọ̀ọ́ ò tó, owó orí tí ẹ ń san ò yí i padà. Ẹ má sì sọ pé ẹ máa fún ọkọ tàbí ìyàwó tó jẹ́ ọmọ ìlú kó bá yín san án, ìyẹn tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ fi ara yín ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹ bá wọn kan ilẹ̀kùn, kí ẹ bá wọn pe fóònù, tí wọn ò bá ti san nǹkan kan fún yín.

Èkejì, káàdì ara yín ni kí ẹ fi san án. Káàdì tí kọ́ńpìnì fún yín láti fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ibẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ kọ employer, ẹ kọ orúkọ tó wà lórí ìwé owó oṣù yín, ẹ má kọ orúkọ oníbàárà tí wọ́n rán yín lọ bá ṣiṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé kò ní parẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá wá orúkọ yín lọ́dún mẹ́wàá sí i á bá a níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ ń bá ṣiṣẹ́, òfin Hatch Act ti 1939 jẹ́ kí ẹ lè dá owó yín, àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ máa bá olùdíje tọrọ owó lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Tí ọ̀gá bá wá bá yín ńkọ́? Ó sinmi lórí ohun tó sọ. Tó bá jẹ́ PAC kọ́ńpìnì ló ní kí ẹ dá sí, òfin ní kó sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òṣèlú lowó náà wà fún, àti pé ẹ lè sọ pé rárá kí nǹkan kan má sì ṣe yín. Wọ́n lè máa yọ ọ́ nínú owó oṣù tí ẹ bá gbà, àwọn kọ́ńpìnì kan tiẹ̀ máa ń fi iye kan náà ta ẹgbẹ́ aláàánú kan lọ́rẹ kí ọwọ́ yín lè yá, ìyẹn bá òfin mu. Tó bá jẹ́ pé ó ní "ẹ fún lágbájá ní 3,000, màá fi kún bónọ́ọ̀sì yín", ẹ sá. Ìyẹn ni fífi orúkọ ẹlòmíì dáwó, ẹ̀yin àtòun lọ̀rọ̀ máa kàn. Ní 2019, kọ́ńpìnì ẹnjiníà kan ní Texas, Dannenbaum Engineering, gbà láti san 1.6 mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba lórí irú ẹ̀, wọ́n ti fi orúkọ òṣìṣẹ́ àti ẹbí wọn kó owó tó lé ní 300,000 dọ́là fún àwọn olùdíje láàárín 2015 sí 2017. Ẹ jẹ́ kó fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì tàbí kí ẹ kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀ nílé, kí ẹ wá lọ́yà tí kì í ṣe ti kọ́ńpìnì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dáúnlóòdù lísìtì orúkọ àwọn èèyàn tí ẹ wá ń rò pé ẹ lè fi ta ọjà tàbí fi tọrọ owó, òfin ò fàyè gbà á. Àwọn ìpolongo láṣẹ láti ki orúkọ ayédèrú mẹ́wàá mọ́ inú ìwé wọn, ọjọ́ tí lẹ́tà yín bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sí láyé yẹn, wọ́n ti mọ ibi tí ẹ ti rí i.

Tí ẹ bá sì ti dáwó tí ẹ wá rí i pé kò yẹ kí ẹ dá a, bóyá torí físà, bóyá ó kọjá iye, ẹ kọ lẹ́tà sí akápò ìpolongo náà, kí ẹ sọ déètì, iye, àti ìdí, wọ́n á dá a padà. Orúkọ yín àti ti ibi iṣẹ́ yín ò ní kúrò níbẹ̀, ìlà míì ló kàn máa jáde tó ń fi hàn pé wọ́n ti dá owó náà padà.